Ogún Tí Wọ́n Pín Lédè Jámánì

Ta ló kọ́kọ́ yẹ abẹ́ tábìlì wò tó fi rí i pé akọ ni? Ìbéèrè tí Mojíre máa ń bi ara rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo Sátidé, bó bá ti ń bọ̀ láti kíláàsì èdè Jámánì ní Ẹnuwá, tí ìwé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, tí orí sì ń fọ́ ọ. Àwọn Jámánì ní akọ ni tábìlì. Wọ́n ní abo ni ilẹ̀kùn. Fèrèsé tó wà lára ògiri kan náà pẹ̀lú ilẹ̀kùn, wọ́n ní kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, ẹ̀yà kẹta ni. Ṣíbí jẹ́ akọ, fọ́ọ̀kì jẹ́ abo, ọ̀bẹ tí wọ́n jọ ń gbé inú abọ́ kan náà kò jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. A ò rí irú èyí rí, a fi ń dẹ́rù ba ọlọ́rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba Mojíre lóòótọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán tó ń kọ́ wọn, tó ti gbé Jámánì rí kó tó padà sílé, kò tiẹ̀ gbìyànjú àtiṣàlàyé. "Ẹ má bi mí pé kí ló dé," ló máa ń wí. "Bí ẹ bá ti gba ọ̀rọ̀, ẹ gba àmì iwájú rẹ̀ mọ́ ọn. Der ni ti akọ, die ni ti abo, das ni ti ẹ̀yà kẹta. Ẹ há a sórí, ó tán." Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ní ti Mojíre, tó jẹ́ pé "ó" kan náà ló ń pe ọmọ rẹ̀, tó ń pe ewúrẹ́, tó ń pe òjò, kò rí ibi tí ìpín mẹ́ta yìí fẹ́ jókòó sí nínú orí rẹ̀.

Ó ti lọ ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan l'Ékòó, ó sì ti fìdí rẹmi. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń dán an wò gbé àwòrán àga síwájú rẹ̀, Mojíre sì mọ̀ pé Stuhl ni wọ́n ń pe àga. Ṣùgbọ́n bó ti ń wá a kiri nínú ara rẹ̀ bóyá der ni àbí das, Stuhl fúnra rẹ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó ń wo àwòrán àga bí ẹni tí kò rí àga rí láyé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó sì gbé àwòrán náà kúrò. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ló dun Mojíre jù.

Ìdánwò ọ̀hún kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Adédàmọ́lá, ọkọ rẹ̀, ti wà ní Jámánì láti ìgbà tí Ìmísí, ọmọ wọn, ti wà lọ́mọ ọwọ́. Òfin ibẹ̀ ní ìyàwó kò lè wá bá ọkọ àfi bó bá kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn. Láìsí ìdánwò, kò sí físà. Ìmísí ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, inú fóònù ló sì gbà pé bàbá òun ń gbé. Bí iná fóònù bá tán, ọmọ náà á ní Dádì ti sùn. Ohun gbogbo yòókù ti wà létò. Bọ́látitó, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Modákẹ́kẹ́, ti ṣèlérí pé ọjọ́ tí físà bá dé lòun yóò wá kó ẹrù Ìyá lọ sọ́dọ̀ òun. Èdè nìkan ló kù.

Ìyá ni ìyá ọkọ rẹ̀, opó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun, Mojíre àti Ìmísí ni wọ́n jọ ń gbé ilé tí ọkọ Ìyá kọ́ sí Òkè-Ogbó kó tó kú. Ẹnikẹ́ni kò tíì pín ilé náà. Ilé tí Ìyá ṣì ń sùn sí, ta ni yóò dá a lábàá pé kí wọ́n pín in?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, Mojíre jókòó tì í pẹ̀lú ìwé, omijé sì ń já bọ́ sórí ìwé náà láìdún.

"Ìyàwó mi, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ṣé ọmọ mi ló bú ọ lórí fóònù?"

"Rárá, mà. Ìwé yìí ni." Mojíre ṣàlàyé bó ti lè ṣe é. Ìyá tẹ́tí, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, kò sì yà á lẹ́nu rárá pé tábìlì jẹ́ akọ. Ẹni tó bá dàgbà tó o, nǹkan díẹ̀ ló kù tó lè yà á lẹ́nu.

"Ìgbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé bàbá ọkọ rẹ," ni Ìyá wí, "èmi ni wọ́n ń gbé ẹran fún láti pín bí wọ́n bá pa á. Igẹ̀ ní ẹni tó ni ín, ọrùn ní ẹni tó ni ín, itan ní tirẹ̀. Ta ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi? Wọ́n ní bó ṣe rí nìyẹn. Mo há a sórí nítorí pé bí mo bá fi tẹnìkan fún ẹnìkejì, ìjà dé nìyẹn. Ẹ̀yà mélòó lo ní wọ́n jẹ́?"

"Mẹ́ta ni, mà."

"Ọmọ mélòó ni mo bí?"

"Mẹ́ta ni, mà."

"Ó parí. Máa ka nǹkan wọn, ká pín in fún wọn."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ der, wọ́n fún Bámidélé, àkọ́bí Ìyá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní yunifásítì. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ die, wọ́n fún Bọ́látitó. Gbogbo das, ó di ti Adédàmọ́lá, àbígbẹ̀yìn. Ìyá á dárúkọ nǹkan, Mojíre á pè é ní Jámánì pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, Ìyá á sì fi ohùn ńlá kéde ẹni tó ni ín. Mojíre kò lè dárúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, ìyàwó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ló ń pe Bámidélé, Opéléńgẹ́ ló ń pe Bọ́látitó láti ọjọ́ tó ti wọlé. Opéléńgẹ́ ti sanra báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyàwó bá fúnni kì í bá ara yí padà. Nítorí náà Ìyá nìkan ni orúkọ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ̀gúsí bá kún un lẹ́nu, ìka ló máa ń nà sókè: ìka kan fún àkọ́bí, ìka méjì fún Bọ́látitó, mẹ́ta fún àbígbẹ̀yìn.

"Àga."

"Der Stuhl."

Ìka kan.

"Aago ara ògiri."

"Die Uhr."

"Ti Bọ́látitó. Ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Nǹkan ńlá kan ń ṣẹlẹ̀ sí Mojíre. Tábìlì kì í tún ṣe akọ tí kò nídìí mọ́, Akọ̀wé ló ni ín, ó ti ń rí i bó ṣe gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. Kò sí ìdí, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín wà. Nígbà tí wọ́n dé orí ilé fúnra rẹ̀, Mojíre gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé.

"Ilé ńkọ́?" ni Ìyá béèrè.

"Das Haus, mà. Ti Bàbá Ìmísí ni."

Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Àwọn Jámánì wọ̀nyí fẹ́ràn ọmọ mi o." Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè yẹn ló máa ń fi parí ẹ̀kọ́. Ta ló ni ilé? Ìka mẹ́ta á gòkè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì wọlé lọ jẹun.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Bọ́látitó wá ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Búrẹ́dì ni Mojíre bá lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ṣì gbóná nínú ọ̀rá. Ó rò pé aládùúgbò ló gbé e síbẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì, Bámidélé pè é lórí fóònù. "Ìyàwó, èmi àti Bọ́látitó ń bọ̀ ní Sátidé. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé náà yóò wá. Má lọ síbì kankan." Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé ni àbúrò bàbá wọn, olórí ẹbí. Mojíre bi í pé kí ló dé, ó ní ó máa gbọ́ bó bá di ọjọ́ náà.

Kó tó di ọjọ́ náà, Ìyá ṣubú ní balùwẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbé e padà wálé nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá wí, kò kàn lè fèsì ni. Mojíre ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lógì, ó ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń sunkún ní kíṣìnnì níbi tí kò ti ní rí i. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ti fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òun bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni àwọn ẹbí wá ṣe ìpàdé tí wọ́n dá dúró. Inú yàrá Ìyá ni wọ́n jókòó sí. Bọ́látitó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo gbé búrẹ́dì wá fún ìyá mi. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìnkùlé. Ìyá mi ń pín ogún, ìyàwó yìí jókòó tì í pẹ̀lú ìwé, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí. Tábìlì, ti Bámidélé. Ilé, ti Adédàmọ́lá. Ẹ bi mí pé kí ni wọ́n fún èmi." Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà. "Ilẹ̀kùn. Èmi tí mo gbé Ìyá pọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí Dàmọ́lá ò tíì ní irùngbọ̀n. Wọ́n fún àbúrò mi nílé, wọ́n fún mi ní ilẹ̀kùn rẹ̀."

Mojíre kúnlẹ̀. Ó rí i pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kíákíá. Ó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó ní ní èdè Jámánì, tábìlì jẹ́ akọ, ilẹ̀kùn jẹ́ abo, ilé kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ bó ti ń dún létí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè, àgàgà bí ìyá olè bá ń sọ pé akọ ni tábìlì. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé ń wò ó bí ẹni tí àárẹ̀ ti mú. Mojíre sáré gbé ìwé wá.

Bámidélé gbà á, ó gbé awò ojú wọ̀, ó ṣí i wò dáadáa. Akọ̀wé ni lóòótọ́, òye ọ̀rọ̀ sì yé e. "Bàbá, ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ni wọ́n pín ọ̀rọ̀ sí." Ọkàn Mojíre fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé dé. "Ṣùgbọ́n mi ò rí Bámidélé níbẹ̀. Mi ò rí Bọ́látitó. Ta ló fi orúkọ wa sí i? Àbí nínú gbogbo orúkọ ayé, orúkọ àwọn tó lè jogún ilé yìí nìkan lẹ rí fi kọ́ èdè? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Ìyá ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀, sà."

"Ìyá ló sọ ọ́. Òun náà la ó bi."

Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé gbé àga rẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹrí ba sí etí Ìyá. Ó rọra sọ̀rọ̀, kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀. "Ìyá Bámidélé, ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ilé tí a wà yìí. Ta ló ni ín?"

Ìyá wo Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé. Ó wá wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí Mojíre lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ìwé níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bó ti máa ń mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Apá òsì rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó na ìka mẹ́ta.

Mojíre rí i pé Ìyá kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ̀kọ́ ló ń ṣe. Ó ń wo òun, ó ń dúró kí òun pe tòun.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?" ni Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé tún bi í, kó lè mọ̀ bóyá ọpọlọ Ìyá ṣì pé. Ìka méjì. "Àga yìí?" Ìka kan. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Bọ́látitó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Orí rẹ̀ pé," ni Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé wí. "Ọwọ́ rẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n mi kú sí. Bó bá sọ̀rọ̀ lórí ilé yìí, mo gbà pé ọ̀rọ̀ olóògbé ló ń sọ."

Mojíre ní Bàbá Ìmísí kò fẹ́ ilé. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n pè é kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bámidélé tẹ̀ ẹ́ láago, ó fi sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó ṣàlàyé ohun tí Ìyá fi ìka rẹ̀ sọ. Mojíre ń fi gbogbo ara bẹ Adédàmọ́lá láti ibi tó kúnlẹ̀ sí pé kó kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó mọ nípa ẹ̀kọ́ náà, Mojíre ti sọ fún un rí, wọ́n sì ti jọ fi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Adédàmọ́lá wí nígbà tó yá, "bó bá jẹ́ ohun tí Ìyá fẹ́ nìyẹn, ta ni mo jẹ́ tí n óò fi kọ̀ ọ́?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bọ́látitó nu ojú rẹ̀, ó dìde. Kò pariwo. "Ẹni tó bá ni ilé ló ni ìyá tó wà nínú rẹ̀. Kí onílé máa tọ́jú rẹ̀. Èmi ò ní yàrá fún un mọ́ ní Modákẹ́kẹ́." Bámidélé ní òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Mojíre wo Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ó rí i pé òun náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú ilé Yorùbá, kò sí ìdájọ́ tó tún tọ́ jùyẹn lọ.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà, ọkọ̀ akẹ́rù wá. Bámidélé kó tábìlì, ó kó àwọn àga, ó gbé fíríìjì, ó gbé tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ohun tí Ìyá ti fi fún un. Bọ́látitó rán ọkọ rẹ̀ wá mú aago àti fìtílà. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Mojíre dúró láàárín pálọ̀, ó wò yíká, ó sì rí i pé fèrèsé àti bẹ́ẹ̀dì ló kù, àti ilé, àti ọmọdé tó ń sáré káàkiri inú rẹ̀. Das ni gbogbo wọn.

Ó ti sanwó ìdánwò tipẹ́, ọjọ́ rẹ̀ sì pé. Comfort, aládùúgbò wọn, bá a tọ́jú Ìyá àti Ìmísí kó tó dé. L'Ékòó, wọ́n gbé àwòrán síwájú rẹ̀, kò sì sí èyí tó dà á láàmú. Gbogbo ohun tí wọ́n fi hàn án ló mọ ẹni tó kó o lọ. Obìnrin tó ń dán an wò tún rẹ́rìn-ín músẹ́, lọ́tẹ̀ yìí ó ní iṣẹ́ rẹ̀ dára gan-an. Nígbà tí èsì dé, ó ti yege, máàkì rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán fi kéde rẹ̀ ní kíláàsì.

Adédàmọ́lá dunnú lórí fóònù. Ó ní kó máa bọ̀, kó wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ti Ìyá. Mojíre bi í pé ta ni. Ó ní àwọn á rí ẹnìkan. Mojíre ti bi Comfort, Comfort ní òun náà ní ọmọ mẹ́rin. Ó ti lọ bẹ Bọ́látitó ní Modákẹ́kẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ló jáde sí i, tó ní àǹtí kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ó rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ èyí fún Adédàmọ́lá mọ́. Ó kàn ní ó dáa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó po ògì, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ fún Ìyá pé òun ti yege. Ojú Ìyá kún fún omi, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó kù rẹ́rìn-ín. Ó gbé apá òsì sókè, ó nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́ mọ́ ara ògiri. Àpótí ìrìn-àjò tí Adédàmọ́lá fi ránṣẹ́ sí Mojíre láti ọdún àkọ́kọ́ ló wà lókè ibẹ̀, eruku ti bò ó. Wọn kò tíì pín ìyẹn rí. Ìyá pa ọwọ́ rẹ̀ dé, ó ń dúró kí Mojíre pè é ní Jámánì.

"Der Koffer, mà," ni Mojíre wí.

Ìyá ronú díẹ̀. Ó na ìka kan, ó sì wo Mojíre bóyá ó gbà á. Mojíre mi orí pé ó gbà á. Ìyá tún nawọ́ sí àpótí náà, ó nawọ́ sí Mojíre, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra bí ẹni ń wí pé kó gbé e, kó máa lọ bá ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Mojíre bu ògì sínú ṣíbí, ó fẹ́ ẹ kó tutù.

"Ẹ lanu, mà," ló wí.